Janjira: Ilẹ̀ Ọba Kékeré Tí Ọmọ Áfíríkà Jẹ Ní Etí Òkun Índíà

Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Alága wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ pa ọjà tì nítorí ọ̀rọ̀ ọba tí ẹ ò mọ̀ rí, ọjà yín á tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ kó ara yín jọ sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo rí yín o. Ẹ má tíì sùn. Ogun ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, erin ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ọba tí wọ́n fi oyè dù náà ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí ẹnì kan bá ní wọ́n kó ọmọ Áfíríkà lẹ́rú lọ sókè òkun, ibo ni ọkàn yín máa ń lọ? Bahia, àbí? Kúbà. Amẹ́ríkà. Ìwọ̀-oòrùn la máa ń wò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn èèyàn tiwa gbà. Ṣùgbọ́n láti Ẹtiópíà àti gbogbo etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn oníṣòwò fi ń kó èèyàn gba orí òkun lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ kó wọn dé Índíà. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ yẹn, àwọn kan di ọ̀gágun. Àwọn kan di ọba. Ẹ jẹ́ n tún un sọ, torí mo rí ojú àwọn kan níbí tó ń wò mí bíi pé mo ń purọ́: wọ́n di ọba, wọ́n gorí ìtẹ́, àwọn ọmọ wọn sì jókòó sórí ìtẹ́ náà títí di 1948.

Ní 1943, nígbà ogun Hitler, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Índíà, kí wọ́n tó kọjá lọ kojú àwọn ará Japan ní Bọ́mà. Àwọn bàbá àti bàbá-bàbá wa wà nínú wọn. Ohun tí mo máa ń rò ni pé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ní gúúsù Bombay, ìyẹn Mumbai òní, níbi tí ọkọ̀ ojú omi lè dé láàárín ọjọ́ kan, ọba kan wà lórí oyè tí orírun rẹ̀ jẹ́ Áfíríkà? Sidi Muhammad Khan lorúkọ rẹ̀, Nawab ni oyè rẹ̀, Janjira ni ìlú rẹ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ Janjira yìí ni mo bá wá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ wò: báwo ni ilẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn ọba tí wọ́n lè fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ pa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibẹ̀

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó kúrò ní Índíà ní 1947, ilẹ̀ ọba tó lé ní 500 ló wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣàkóso wọn; ó fi ọba sílẹ̀ lórí oyè, ó sì jókòó sẹ́yìn ọba. Àwọn kan tóbi, bíi Hyderabad. Àwọn kan kò ju abúlé mélòó kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ń fi ìró ìbọn wọn iyì ọba: bí ọba bá dé ibi ayẹyẹ, wọ́n á yìnbọn kí i. Àwọn tó ga jù ń gba 21. Ti Nawab Janjira jẹ́ 11. Ọ̀pọ̀ ọba kò gba ẹyọ kan.

Ilẹ̀ Janjira jẹ́ máìlì 324 ní ìgun mẹ́rin, ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Konkan. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1901, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ 85,414. Àwọn Híńdù ló pọ̀ jù nínú wọn: àgbẹ̀, apẹja, onígi. Àwọn Sidi, ìyẹn àwọn ọmọ Áfíríkà yìí, kéré níye gan-an. Musulumi ni wọ́n. Àwọn díẹ̀ ló ń ṣe ọba lórí ọ̀pọ̀.

Olórí ohun tó wà níbẹ̀ ni odi kan. Orí erékùṣù òkúta ni wọ́n kọ́ ọ sí láàárín omi, ní ọ̀ọ́kán abúlé Rajapuri. Ẹ má wulẹ̀ ronú ògiri amọ̀ o. Òkúta dúdú ni, ó ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, ó yọ láti inú òkun gan-an. Kò sí ilẹ̀ tí ọmọ ogun lè fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti èbúté Rajapuri, ẹ ó máa wò ó, ẹ ó máa wá ẹnu ọ̀nà, ẹ ò ní rí i. Ògiri kan yí po bo ògiri kejì. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta ni ẹ ó tó rí i pé ilẹ̀kùn ńlá wà níbẹ̀, ìgbà yẹn sì rèé, ìbọn tó wà lókè ti rí yín tipẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n gbẹ́ ẹranko kan sára òkúta, ó jọ kìnnìún, ó jọ ẹkùn. Àwọn erin kéékèèké ló kì mọ́lẹ̀: ó fi èékánná há àwọn kan, ó fi ìrù wé òmíràn, ó gbé òmíràn sẹ́nu. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò bẹ̀rù pé wọ́n á pe òun ní agbéraga.

Inú odi ni ohun tó tún yani lẹ́nu wà. Òkun iyọ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n adágún omi dídùn méjì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ogun ti mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó bá dó ti odi, òùngbẹ ló ń retí kí ó bá òun ṣẹ́gun. Ní Janjira, òùngbẹ kò wá. Wọ́n tún ní ìbọn àgbá kan tí wọ́n ń pè ní Kalal Bangdi, tí wọ́n ní ìwúwo rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 20. Ó ṣì wà lórí ògiri náà di òní, ó kọjú sókun.

Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà débẹ̀?

Ẹ ò ní lóye àwọn Sidi bí ẹ ò bá gbọ́ ìtàn Malik Ambar. Òun kọ́ ló jẹ ọba Janjira o, ṣùgbọ́n ìgbà tirẹ̀ ni àwọn èèyàn rẹ̀ ta gbòǹgbò létíkun yẹn.

Ẹtiópíà ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1548. Wọ́n tà á ní kékeré. Ó bọ́ lọ́wọ́ olówò kan sí ọwọ́ òmíràn, ó dé Baghdad, níkẹyìn wọ́n gbé e dé Índíà. Ẹni tó rà á níbẹ̀ ni Chingiz Khan, ìjòyè àgbà ní ìjọba Ahmadnagar. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: Chingiz Khan fúnra rẹ̀, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n tà rí ni. Ẹrú àná ló ra ẹrú òní. Nígbà tí ọ̀gá kú, Ambar di òmìnira, ó kó àwọn ajagun jọ sẹ́yìn ara rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1600, òun ló ń fi ọba jẹ ní Ahmadnagar. Ó lo ọgbọ́n ogun kan tó mú àwọn Mughal, tí ìjọba wọn tóbi jù ní Índíà nígbà yẹn, sá sókè sódò: kì í dúró bá ọmọ ogun ńlá jà lójúkojú, ẹ̀yìn ni ó ń gbà gé wọn jẹ.

Jahangir, ọba ńlá àwọn Mughal, kórìíra rẹ̀ débi pé ayàwòrán ààfin ya àwòrán kan níbi tí Jahangir ti ń ta orí Ambar lọ́fà. Orí náà wà lórí igi, ọba dúró, ó fa ọrun. Àwòrán yẹn ṣì wà. Inú àwòrán nìkan sì ni Jahangir ti rí i ṣe o, torí Ambar gbó, ó tó ẹni nǹkan bí 80 ọdún, ó sì kú ikú ara rẹ̀ ní 1626. Àwọn baba wa ní bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ. Ahmadnagar mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti odi Janjira gan-an, ìtàn kan wà tí àwọn ará Konkan fẹ́ràn láti máa pa. Wọ́n ní àwọn apẹja Koli ló ni erékùṣù náà tẹ́lẹ̀, Ram Patil sì ni olórí wọn. Ní nǹkan bí 1489, ọkùnrin Áfíríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Ahmadnagar wọṣọ oníṣòwò, ó wá bẹ Ram Patil pé kó gba òun láyè kí òun kó àpótí ọjà 300 sórí erékùṣù. Ram Patil gbà. Kí ló wà nínú àpótí? Ọmọ ogun kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọjà ṣí ara rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí i, ìtàn tí ìlú fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò ṣe é jiyàn ni pé nígbà tí a fi máa wọ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, àwọn Sidi ló mú odi náà lọ́wọ́, wọ́n ń ṣọ́ ọ fún ọba Ahmadnagar. Nígbà tí Ahmadnagar wó, ní 1636, wọ́n bọ́ sábẹ́ ìjọba Bijapur. Nígbà tí Bijapur ń mì, wọ́n yà sọ́dọ̀ àwọn Mughal. Ọba ń yí, àwọn ò kúrò.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí. Nígbà yẹn, oyè olórí kì í ṣe ohun tí bàbá ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ. Bí olórí bá kú, igbákejì rẹ̀ nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun ló ń bọ́ síbẹ̀, wọn ì báà fi ọmọ olóògbé sílẹ̀. Ẹni tó mọ ọkọ̀ í darí, tó mọ ogun í jà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbọ́kàn lé, òun ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a óò padà bá a níwájú.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta àti Shivaji

Shivaji, ẹni tó dá ìjọba Maratha sílẹ̀, akọni ni. Ní Maharashtra lónìí, ère rẹ̀ wà káàkiri, pápákọ̀ òfuurufú Mumbai ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Odi tó gbà lórí òkè àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n kò rí Janjira gbà. Nítorí pé Janjira wà nínú òkun, tí àwọn Sidi sì lè ti ibẹ̀ jáde wá jó abúlé etíkun rẹ̀ nígbà tó bá wù wọ́n, egungun ẹja tó há a lọ́fun ni.

Ní nǹkan bí 1670, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Fateh Khan ló ń ṣe olórí nínú odi. Ogun ti mú un dé ògiri, oúnjẹ ń tán, Shivaji sì ránṣẹ́ sí i pé: gbé odi fún mi, màá fún ọ lówó àti ilẹ̀. Fateh Khan gbà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri Janjira ti ń lanu nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mẹ́ta wà lábẹ́ Fateh Khan: Sidi Sambal, Sidi Qasim àti Sidi Khairiyat. Wọ́n gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò bá a jiyàn. Wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n kọ̀wé sí àwọn Mughal pé: ẹ wá, ẹ gbà wá, àwa á máa ṣe ọmọ ogun ojú omi yín. Wọ́n wá pín iṣẹ́ láàárín ara wọn láìjà: Sambal di balógun ọkọ̀ ogun, Qasim mú odi Janjira, Khairiyat mú Danda-Rajpuri tó wà lórí ilẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń gba owó láti inú owó ibodè Surat, èbúté ńlá àwọn Mughal, wọ́n sì ń ṣọ́ ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí Hájì ní Mẹ́kà.

Ẹ wo ọgbọ́n yẹn. Àwọn Mughal ní erin, wọ́n ní ẹṣin, wọ́n ní wúrà. Kí ni wọn ò ní? Wọn ò mọ òkun. Ohun tí ọba tó tóbi jù ní Índíà kò ní, àwọn Sidi ní in. Wọn ò bẹ̀bẹ̀ fún ààbò rárá, iṣẹ́ ni wọ́n gbà, wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́. Èmi ò mọ ìdí mìíràn tó tóbi ju ìyẹn lọ tí Janjira fi pẹ́.

Ní 1671, àwọn ọmọ ogun Shivaji ti gba Danda-Rajpuri. Ọdún Holi dé, wọ́n ń mu, wọ́n ń jó, wọ́n ń da àwọ̀ síra wọn lára. Òru ọjọ́ yẹn ni Qasim àti Khairiyat yọ sí wọn. Khairiyat gba ojú ilẹ̀ wá pẹ̀lú ariwo ńlá, gbogbo aṣọ́de sáré síbẹ̀. Qasim gba ojú omi, ó kó àkàbà wá, ó gun ògiri. Nígbà tí wọ́n wà lórí ìjà, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí. Ó bú gbàmù! Akọ̀wé ìtàn kan nínú ìjọba Mughal ní Shivaji wà ní ibi tó jìnnà tó nǹkan bí 40 máìlì, ó jí láti ojú oorun, ó ní, “Ohun kan ti ṣe Danda.” Ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Shivaji kò sinmi. Ó kọ́ odi tirẹ̀ sórí erékùṣù mìíràn nítòsí, Padmadurg, kó lè máa wo Janjira lójú. Ní 1676, ó rán Moropant Pingle, ìjòyè rẹ̀, kó lọ gbà á. Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa ogun yẹn ni pé ọkùnrin apẹja kan, Laya Patil, fi òru so àkàbà mọ́ ògiri Janjira. Ẹ rántí pé omi ni ìsàlẹ̀ ògiri yẹn o, ìgbì ń bì, òkúta ń yọ̀. Ó so ó. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá ń dúró de ọmọ ogun Moropant kí wọ́n wá gùn ún. Wọn ò dé. Ilẹ̀ fẹ́ mọ́, wọn ò dé. Laya Patil tú àkàbà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Shivaji gbọ́, ó ní kí wọ́n fún un ní àga tí wọ́n fi ń gbé ọlọ́lá, èyí tí wọ́n ń pè ní palkhi. Laya Patil ní Kábíyèsí, èmi ará omi, kí ni mo fẹ́ fi àga tí wọ́n ń gbé lórí ilẹ̀ ṣe? Ni Shivaji bá ní kí wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fún un, kí wọ́n sọ ọkọ̀ náà ní Palkhi. Èmi fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Nígbà tí Shivaji kú ní 1680, ọmọ rẹ̀ Sambhaji gba ogun náà. Ní 1682, ó ní bí omi bá ń dí wa lọ́nà, ẹ jẹ́ ká sọ omi di ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta àti igi dà sínú òkun láti fi ṣe ọ̀nà dé odi. Iṣẹ́ ń lọ, àwọn Mughal bá gbógun wọ ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní láti padà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Iṣẹ́ tí àwọn Sidi gbà níjelòó ló ń sanwó padà.

Ìgbà tí Sidi dó ti Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín rèé. Nínú ìwé ìtàn tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, ta ló máa ń dó ti ta? Òyìnbó ló máa ń dó ti èèyàn dúdú, àbí irọ́ ni mo pa? Ó dáa. Ní 1689, Gẹ̀ẹ́sì ti ní Bombay. John Child, gómìnà wọn níbẹ̀, ṣe àṣejù: ó ń gba ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Mughal lórí òkun. Inú bí Aurangzeb, ọba àwọn Mughal. Ta ló rán? Sidi Qasim tó gun ògiri Danda-Rajpuri níjọ́sí ni. Nígbà yẹn, Yaqut Khan ni wọ́n ti ń pè é.

Ó gúnlẹ̀ sí Sewri lóru. Àwọn tó ń ṣọ́ odi Mazagaon kò dúró kí wọn pàápàá. Wọ́n sá, wọ́n fi ìbọn àti owó sílẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀, gbogbo erékùṣù náà ti di ti Sidi, àfi ibi tí odi Gẹ̀ẹ́sì wà. Wọ́n há Gẹ̀ẹ́sì mọ́ inú odi fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ọmọ Áfíríkà ló ń yìnbọn lù wọ́n láti ìta. Níkẹyìn, Gẹ̀ẹ́sì rán ońṣẹ́ sí Aurangzeb. Wọ́n ní ọwọ́ dídì ni wọ́n fi wọlé, wọ́n sì dojú bolẹ̀. Ọba dárí jì wọ́n, ó bu owó ìtanràn 150,000 rupee lé wọn, ó sì ní kí wọ́n lé Child kúrò ní Índíà. Ikú ti ṣáájú lé Child. Ní oṣù kẹfà 1690, Yaqut Khan kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò, ó sì sun odi Mazagaon níná bó ṣe ń lọ.

Ẹ pàtẹ́wọ́ bó bá wù yín, mi ò dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe. Kì í ṣe nítorí Áfíríkà ni Yaqut Khan ṣe jà, ọ̀gá rẹ̀ ló rán an níṣẹ́. Àwọn ará Konkan tí àwọn Sidi ń jó abúlé wọn, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wọn lẹ́rú, kò ní pàtẹ́wọ́ fún un láéláé. Ẹni tí wọ́n ta rí náà ń ta èèyàn. Òtítọ́ nìyẹn, kò sì yẹ ká fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ erin

Mo ṣèlérí erin. Ẹni ọ̀wọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Brahmendra Swami, ó ń gbé nítòsí ilé òrìṣà Parashuram ní Chiplun. Híńdù ni, ṣùgbọ́n àwọn Sidi pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún un. Nawab Savanur ní erin kan tó fẹ́ fi ta Sidi Sat lọ́rẹ. Sidi Sat ni ọ̀gá tó wà ní Gowalkot àti Anjanvel. Swami ń bọ̀ wálé láti ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ní kó kúkú bá wọn mú erin náà bọ̀. Nígbà tí erin dé ibodè àwọn Angre, àwọn balógun ojú omi Maratha, àwọn aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé e. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, wọ́n rí erin, wọ́n sì mú erin. Sidi Sat gbọ́, ó ní Swami ló dìtẹ̀ mọ́ òun. Ní 1727, ó kó ọmọ ogun lọ, ó ba ilé òrìṣà náà jẹ́.

Erin ọ̀hún kúkú padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Swami fi Konkan sílẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà. Ó kọ sí ọba Maratha, ó kọ sí Bajirao tó jẹ́ Peshwa, ìyẹn olórí àwọn ìjòyè ọba náà, ó kọ sí gbogbo ìjòyè tó jẹ ẹ́ lówó, torí Swami ń yáni lówó, kò mọ ní mélòó. Ọ̀rọ̀ kan náà: ẹ gbẹ̀san Parashuram. Ní 1733, olórí Janjira kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bára wọn jà lórí oyè, ọ̀kan nínú ìdílé náà sì sá tọ Bajirao lọ. Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Àwọn Maratha gba Raigad padà lọ́wọ́ Sidi lọ́dún yẹn, àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ míì. Ní oṣù kẹrin 1736, Chimaji, àbúrò Bajirao, pa Sidi Sat nítòsí Rewas. Erin kan ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Odi inú òkun kò ṣí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó yí i ká dínkù.

Balu Miyan

Ẹ rántí pé mo ní ká fi ọ̀rọ̀ oyè sọ́kàn. Nígbà tí a fi máa dé ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọ̀rọ̀ ọmọ-ta-ni ti wọ̀ ọ́. Ní 1784, olórí kú, ó fi ọmọ sílẹ̀, Abdul Karim, tí wọ́n ń pè ní Balu Miyan. Sidi Johar ló gba odi. Balu Miyan sá lọ sí Poona, lọ́dọ̀ Peshwa. Peshwa ti rí ohun tí Shivaji wá tí kò rí: àrólé tó ní ẹ̀tọ́, tó sì ń bínú. Ní 1791 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Balu Miyan fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí Janjira sílẹ̀ fún Peshwa. Peshwa fún un ní ilẹ̀ nítòsí Surat, Sachin, ó di Nawab Sachin, ìran rẹ̀ sì jọba níbẹ̀ títí di 1948.

Janjira ńkọ́? Sidi Johar jókòó sínú odi, ó ní kí Peshwa wá gbà á. Peshwa kò rí i gbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Peshwa fi ilẹ̀ gidi ra odi tí ẹni tó tà á kò ní lọ́wọ́! Èyí tó tún dùn níbẹ̀ ni pé ìdílé Peshwa wọ̀nyí, Shrivardhan ni wọ́n ti wá, lábẹ́ àwọn Sidi ni baba ńlá wọn ti ń ṣiṣẹ́ kó tó sá kúrò níbẹ̀. Ní 1818, Gẹ̀ẹ́sì yọ Peshwa lóyè. Janjira ṣì wà lójú omi.

Àwọn Nawab ìkẹyìn

Gẹ̀ẹ́sì fi Janjira sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò san ìṣákọ́lẹ̀, títí di 1868 kò sì sí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tó wá yí i padà kò ti òkun wá. Nawab Ibrahim Khan ń ṣèlú bó ṣe wù ú, ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń dá níwájú rẹ̀ di ìtìjú, àwọn ìjòyè Sidi fúnra wọn dìde sí i. Gẹ̀ẹ́sì rí àyè, ó gba ìdájọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣojú síbẹ̀. Ohun tí ìbọn Shivaji kò rí gbà, bébà gbà á. Bó bá jẹ́ ìgbà àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn ni, wọn ì bá ti Ibrahim Khan mọ́lé, kí wọ́n sì fi ẹlòmíràn sípò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ rẹ̀, Sidi Ahmad Khan, jọba láti 1879 sí 1922. Ààfin rẹ̀ wà lórí òkè etí òkun ní Murud. Nawab ti kúrò ní ẹni tí ń gbé inú odi. Ìyàwó rẹ̀, Nazli Begum, ọ̀mọ̀wé ni, ó tẹ̀ lé e dé Yúróòpù ní 1908, ó sì kọ ìwé ìrìn-àjò ní èdè Urdu. Iqbal, akéwì ńlá nì, jẹ́ ọ̀rẹ́ Atiya àbúrò rẹ̀. Nazli kò bímọ, ìgbéyàwó náà tú ká ní 1913. Kulsum Begum ló bí àrólé, nígbà tí ọba sì wàjà, òun ló ṣe adelé fún ọmọ rẹ̀ láti 1922 títí di 1933. Obìnrin ló di Janjira mú fún ọdún mọ́kànlá yẹn.

Ọmọ yẹn ni Sidi Muhammad Khan tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Índíà gba òmìnira, àwọn ará ìlú rẹ̀ kò fẹ́ ọba mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 1948, àwọn ọ̀dọ́, tí Mohan Dharia tó padà di mínísítà wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, wọ ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń gba ọ́fíìsì ìjọba. Nawab kò yìnbọn. Ó fọwọ́ sí ìwé, Janjira wọ inú ìpínlẹ̀ Bombay lọ́dún yẹn. Àwọn tó ṣì ń gbé inú odi kó ẹrù wọn lọ sí Murud àti ibòmíràn.

Ẹnì kan ti fi bébà pélébé ránṣẹ́ sí mi níbí pé, “Ṣé àwọn Sidi ṣì wà?” Wọ́n wà o. Wọ́n wà ní Gujarat, ní abúlé Jambur lẹ́bàá igbó Gir tí kìnnìún ń gbé. Wọ́n wà nínú igbó Karnataka. Wọ́n wà ní Hyderabad, níbi tí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ọba lórí ẹṣin. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọmọ ọba, tálákà ni wọ́n, ìjọba Índíà sì ka ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ àwọn ẹ̀yà tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Àwọn ti Gujarat ní ijó kan tí wọ́n ń pè ní goma. Wọ́n ń lu ìlù sí i, wọ́n ń jó o níbi ojúbọ Bava Gor, wòlíì wọn. Gujarati ni wọ́n ń sọ nílé.

Mo ti gba àkókò. Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ fún ìyá tó nawọ́ lápá òsì yẹn, wọ́n ti ń nawọ́ láti ìgbà ọ̀rọ̀ erin.